Ilé Òkúta ní Ìgbèríko Faransé: Bí Ẹni Tó Ti Ìlú Ọba Lọ Ṣe Lè Tún Un Ṣe

Creuse ni ilé wa wà, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìyàwó mi rà á. Iye tí a san kò lè ra ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Peckham, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará Ìlú Ọba fi ń wọ́ lọ sí agbègbè náà ọjọ́ ti pẹ́. Ìkánjú tí a kó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ló ná wa lówó ju ilé lọ. Oṣù kejì tí a dé ni a ti ń lu ògiri, a sì padà san owó mìíràn láti tún ohun tí a fọwọ́ ara wa bà jẹ́ ṣe. Bí mo ṣe máa ṣe é ká ní òní ni mo ń bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ síbí.

1. Ẹ to páálí yín kí ẹ tó lọ wo ilé

Láti oṣù kìíní ọdún 2021, ẹni tó ní páálí (ìwé ìrìnnà) Ìlú Ọba kò lè lò ju 90 ọjọ́ lọ ní Faransé àti àwọn ilẹ̀ Schengen yòókù, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, nínú 180 ọjọ́ èyíkéyìí. Ilé níní kò fi ọjọ́ kan kún un. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kà á: ọjọ́kọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ yín wò, 180 ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n á wò, wọ́n á ka iye tí ẹ ti lò níbẹ̀. Ẹ má fi orí lásán ṣírò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Bó bá jẹ́ páálí Nàìjíríà ni ẹ ṣì ń lò, ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba kò gbà yín sílẹ̀. Ẹ ó gba físà Schengen kí ẹ tó lè lọ wo ilé lásán.

Ẹni tó bá fẹ́ máa gbé ibẹ̀ yóò gba físà ọlọ́jọ́ gígùn. Kí èèyàn tó gbéra ní Ìlú Ọba ló ti ń béèrè fún un, lórí ìkànnì France-Visas. Ti àlejò, tí wọ́n ń pè ní visiteur, ni àwa gbà. Ẹ ó fi owó tó ń wọlé fún yín hàn, ẹ ó fi inṣọ́ránsì ìlera hàn, ẹ ó sì kọ̀wé pé ẹ kò ní ṣe iṣẹ́ owó kankan nílẹ̀ wọn. Tí ẹ bá ti dé, oṣù mẹ́ta ni ẹ ní láti lọ fìdí físà náà múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba, kó béèrè ìwé S1 lọ́wọ́ wọn. Ìwé yẹn ni yóò jẹ́ kí Ìlú Ọba máa gbé owó ìwòsàn rẹ̀ ní Faransé.

2. Kíkà ṣáájú ìfọwọ́sí

Kò sí ọmọ onílẹ̀ ní Faransé, ẹ kò sì ní rí ilé kan tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Notaire ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Agbẹjọ́rò tí ìjọba yàn ni: òun ló ń tọ ipasẹ̀ ẹni tó ni ilẹ̀, òun ló ń gba owó orí, òun náà ló ń fi orúkọ yín sínú ìwé ìjọba. Lórí ilé àtijọ́, owó tí ẹ ó kó fún un sábà máa ń tó 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ iye ilé láti ọjọ́ kìíní.

Ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ ó fọwọ́ sí ni compromis de vente, ìwé àdéhùn títà ilé. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ní ọjọ́ 10 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí, wọ́n á sì dá owó àsansílẹ̀ yín padà. Ẹni tó ń tà kò ní irú àǹfààní yẹn. Ọjọ́ 10 yìí kì í ṣe ti ayẹyẹ. Ẹ wá bíríkìlà tó mọ ilé òkúta, kí ó bá yín gun àjà, torí pé kò sí nínú àṣà àwọn ará Faransé láti gba ẹni tí yóò yẹ ilé wò fún olùrà bí a ti ń ṣe ní Ìlú Ọba.

Ìdìpọ̀ ìwé àyẹ̀wò kan máa ń tẹ̀ lé compromis náà. Èdè Faransé ni, nítorí náà ọ̀pọ̀ ará Ìlú Ọba kì í kà á. Ẹ san owó fún ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí bóyá òjé wà nínú ọ̀dà ògiri, bí wọ́n bá kọ́ ilé náà ṣáájú 1949, àti bóyá asbestos, ohun ìkọ́lé àtijọ́ tó léwu, wà níbẹ̀, bí ìwé àṣẹ ìkọ́lé rẹ̀ bá ti wà ṣáájú oṣù keje 1997. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ ikán àti ti iná. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ìka tẹ̀ ni ti sọkàwéè. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé kò bá òfin mu, ẹni tó ra ilé ni yóò tún un ṣe láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìrajà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó euro ni. Ìdúnàádúrà ṣì wà lórí iye ilé nígbà tí ẹ bá ń ka ìwé yìí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́, kò sí mọ́.

3. Ẹ kí wọn

Ibí ni ọmọ Yorùbá ti fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò sọ "Bonjour" kó tó béèrè ìṣó, ojú ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi ń wò ó. "Vous" ni "ẹ", "tu" ni "o", bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń bínú bí tiwa tí ẹnu bá ṣì. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, "Bon courage" ni wọ́n ń kí i, ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Àwọn èèyàn wa nìyí."

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ lọ sí mairie, ọ́fíìsì mẹ́yọ̀ ìlú yín, kí wọ́n mọ ojú yín. Kì í ṣí lójoojúmọ́ ní abúlé kékeré, nítorí náà ẹ wo àkókò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ẹ kí aládùúgbò. Bàbá tó wà ní òdìkejì wa ló fi ibi tí páìpù omi gbà hàn wá, òun náà ló sọ pé ìsun omi kan wà lábẹ́ ọgbà wa tó ń yọjú lẹ́yìn òjò oṣù kejì. Kò sí nínú ìwé àyẹ̀wò kankan. Tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má lo ẹ̀rọ aláriwo lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ má sì retí pé ṣọ́ọ̀bù àwọn ohun ìkọ́lé ní ìlú kékeré á ṣí láàárín aago 12 sí 2. Wọ́n ń jẹun.

4. Ọdún kìíní, omi nìkan ni kí ẹ bá jà

Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ kùn yàrá kan, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ wo ilé yẹn láti ìgbà òtútù dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ògiri tó ń lágùn, ibi tí òjò ń jọ sí. Yàrá tí a fẹ́ fi ṣe ilé ìdáná nígbà tí a dé ní oṣù kẹfà, tí ó tutù dáadáa, òun ni yìnyín kò kúrò ní fèrèsé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù kìíní.

Iṣẹ́ tí kò lè dúró ni òrùlé. Ẹ gun àjà lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tó tutù lára igi. Ẹ gún igi wọ̀nyẹn ní ọ̀bẹ: tó bá wọlé bíi pé iṣu ni, igi ti rà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé omi bó ṣe ń bọ̀ láti òrùlé. Ṣé ó bọ́ sínú páìpù tàbí ó ń ṣe ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sí ìdí ògiri? Ẹ wo ilẹ̀ ìta náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni erùpẹ̀ ti kún títí tó fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, ògiri wá ń mu omi bí fòòmù. Ẹ gbẹ́ erùpẹ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ilẹ̀ dà síta, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ju ìsàlẹ̀ òkúta ìpìlẹ̀ lọ, torí pé ìpìlẹ̀ àwọn ilé yìí kò jìn. Ṣọ́bìrì ni a fi ṣe tiwa, ó sì wúlò ju gbogbo oògùn ọ̀rinrin tí wọ́n ń tà nínú ike lọ.

5. Ìwé àṣẹ

Ohunkóhun tó bá yí ojú ilé padà láti ìta, fèrèsé tuntun, àwọ̀ mìíràn lára ilẹ̀kùn, ihò tuntun nínú òrùlé, ń fẹ́ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní déclaration préalable. Mairie ni ẹ ó gbé e lọ, oṣù kan ni wọ́n sì ní láti dá yín lóhùn. Iṣẹ́ ńlá ń fẹ́ permis de construire, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, oṣù méjì sì ni tirẹ̀. Tí ilé yín bá wà nítòsí ilé ìrántí tí ìjọba ń dáàbò bò, tó sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n 500 mítà, ẹ fi oṣù kan kún un, torí ayàwòrán ilé ti ìjọba yóò dá sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ló fi tiwa síbẹ̀, wọ́n sì ní fèrèsé oníke kò gbọdọ̀ dé ojú pópó. Bí inú bá ń bí yín, ẹ rántí pé òun ló jẹ́ kí abúlé náà lẹ́wà tí ẹ fi rà síbẹ̀.

Tí wọ́n bá fún yín láṣẹ, ẹ gbé pátákó rẹ̀ sí ojú títì, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Láti ọjọ́ tí pátákó yẹn bá dúró ni aládùúgbò ti ní oṣù méjì láti ta kò ó. Bí kò bá sí pátákó, oṣù méjì náà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

6. Àwọn oníṣẹ́

Ẹ má gba iye owó lẹ́nu. Devis ni ìwé tí oníṣẹ́ kọ iṣẹ́ àti iye rẹ̀ sí. Ẹ gba mẹ́ta. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ọ̀kan, ẹ béèrè SIRET rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó ní dígíìtì 14, àti ìwé inṣọ́ránsì décennale rẹ̀, èyí tí òfin ọdún 1978 fi dandan lé. Ọdún 10 ni ìwé yẹn fi ń bo iṣẹ́ ńlá bí òrùlé àti ògiri. Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí inṣọ́ránsì ẹni tó ń ṣe iná kò bo òrùlé. Ẹ lè pàdé ará Ìlú Ọba kan nínú ilé ọtí tó máa sọ pé òun á ṣe é ní ìdajì owó láìkọ ìwé. Ẹ ra ọtí fún un, kí ẹ máa lọ sílé.

Owó orí tún wà níbẹ̀. Lórí àtúnṣe ilé tó ti ju ọdún méjì lọ, 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni TVA, owó orí orí ọjà àti iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ 5.5 fún iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ilé dín iná tó ń jẹ kù. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ra ohun èlò rẹ̀. Tí ẹ bá fúnra yín lọ rà á ní Leroy Merlin tàbí Castorama, 20 ni ẹ ó san.

Ẹ má retí ẹnikẹ́ni ní oṣù kẹjọ. Gbogbo Faransé ti lọ sí etí òkun.

7. Ògiri

Ibí ni owó wa lọ. Ẹni tó ni ilé náà ṣáájú wa ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri ilé ìdáná nínú àti lóde. Ọ̀dà ń wú bí àkàrà, ibi tí ọ̀dà kò sí ti bu. Oníṣẹ́ kan wá, ó ní òun á fa oògùn sínú ògiri, òun á sì fi bọ́ọ̀dù bo iwájú rẹ̀. A gbà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, a já bọ́ọ̀dù yẹn, òórùn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lé ológbò jáde nílé.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ilé alámọ̀ ni ilé bàbá bàbá mi ní Ìkirè, nígbà tí àwọn ọmọ sì rówó, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kó lè jọ ti ìgbàlódé. Kò pẹ́ tí sìmẹ́ńtì náà fi ń ṣí kúrò lábala lábala bí èèpo búrẹ́dì. Ọ̀ràn kan náà ni. Àwọn ògiri Creuse tó nípọn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, òkúta gíránáìtì tí wọ́n fi amọ̀ dè ni. Ọ̀rinrin ń gun òkè láti inú ilẹ̀, ó sì ń gba àárín òkúta jáde sínú afẹ́fẹ́. Sìmẹ́ńtì dí ọ̀nà náà, omi kò rí ibi gbà, ó wá jókòó sínú ilé pẹ̀lú yín. Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: bíríkìlà Creuse ló máa ń rin ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí Paris láti kọ́ ilé. Ọ̀kan nínú wọn, Martin Nadaud, tí wọ́n bí ní 1815, di aṣòfin, lẹ́yìn tí wọ́n sì fipá gba ìjọba ní oṣù kejìlá 1851, wọ́n lé e nílùú, Ìlú Ọba ló sì sá sí. Ó gba ọ̀nà tí àwa gbà, àmọ́ ó dojú kọ òdìkejì.

Ohun tí ẹ ó lò ni chaux, tí wọ́n ń pè ní "ṣó": òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná ìléru títí tó fi di ìyẹ̀fun. Èyí tí wọ́n kọ NHL 3.5 sára àpò rẹ̀ ló dára fún gíránáìtì. NHL 2 fún òkúta tó rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ já sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú òòlù àti irin ìgbẹ́. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, yóò tú amọ̀ tó wà nínú. Lẹ́yìn náà ẹ fi ògiri sílẹ̀ kí ó gbẹ fún odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bẹ́ẹ̀ ni, odindi. Tó bá wá gbẹ, ẹ ha àárín òkúta sínú ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá erùpẹ̀ rẹ̀. Ẹ bu omi sí ògiri ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, kí ẹ sì tún bu díẹ̀ sí i láàárọ̀: kí òkúta tutù, kí omi má sì máa kán lára rẹ̀.

Korobá chaux 1 sí korobá yanrìn 3. Yanrìn àdúgbò ni kí ẹ rà, torí àwọ̀ rẹ̀ ni ògiri yóò mú. Ẹ pò ó kí ó le bí ẹ̀bà tí wọ́n tẹ̀ dáadáa. Tó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ, ẹ ti da omi jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ àárín òkúta, kí ó kún dé ojú, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ìgbà tí àtàǹpàkò kò bá wọ inú rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha ojú rẹ̀ kí òkúta lè yọ. Ẹ fi aṣọ bò ó kúrò lọ́wọ́ oòrùn, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárín 5 sí 30 nínú ìwọ̀n Celsius ni kí ẹ ti ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án. Chaux tí yìnyín bá mú kó tó le yóò ya dànù.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ gíláàsì ojú, kódà tó bá jẹ́ ibi kékeré. Chaux ń jó ojú. Bó bá ta síbẹ̀, ẹ fi omi tó pọ̀ ṣan án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 15 tàbí 112.

Ní ti ilẹ̀ ilé, ẹ má tẹ́ ọ̀rá kí ẹ da kọnkéré lé e láti ògiri dé ògiri; omi tó wà lábẹ́ á sá lọ bá ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀. Ilẹ̀ gíránáìtì tún ní radon, afẹ́fẹ́ tí a kò lè rí, tí a kò lè gbóòórùn, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ń ta ohun kékeré tí ẹ ó gbé sí yàrá fún oṣù méjì ní ìgbà òtútù láti fi wọ̀n ọ́n. Tó bá kọjá 300 becquerel (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka radon) nínú mítà kúbíìkì kan, ẹ dí ihò ilẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa rìn nínú ilé.

8. Iná

Fóltì 230 ni agbára iná níbẹ̀ bíi ti Ìlú Ọba, nítorí náà fíríìjì yín á ṣiṣẹ́ tí ẹ bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Wáyà inú ilé ni kò jọra. Ní Ìlú Ọba, wọ́n máa ń yí wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì po bí òrùka, tí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan sì ní fíúsì tirẹ̀. Ní Faransé kò sí òrùka, kò sì sí fíúsì nínú púlọ́ọ̀gì. Ẹ má kó sọ́kẹ́ẹ̀tì láti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún oníná ìlú wọn.

9. Ìgbà òtútù, àti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò

Stère, ìwọ̀n òkìtì igi, ni wọ́n fi ń ta igi ìdáná. Igi óòkù tí wọ́n ti là fún ọdún méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ra ti ọdún tó ń bọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọdún yìí. Ẹ pe ẹni tó ń gbá ihò èéfín lọ́dọọdún, kí ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀; bí ilé bá jóná, òun ni àwọn oníinṣọ́ránsì á kọ́kọ́ béèrè.

Tí ẹ bá ń lọ ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ti omi pa ní ìdí mítà. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí tí kò fi ní kán mọ́. Ẹ fa omi inú tọ́ìlẹ́ẹ̀tì dànù, kí ẹ da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú ọrùn rẹ̀ àti sínú ihò gbogbo básíà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mítà. Ẹ wá fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, pẹ̀lú ìgò kan. Tiwa fẹ́ràn wisikí Scotland.